Lílo AI láti kọ ọ̀rọ̀ ìwádìí sílẹ̀: ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀

   Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú. Mile 12 ni mo wà, ẹ sì mọ̀ pé ibí yìí kì í dákẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ẹ̀gbọ́n, áàpù wo ló lè bá mi kọ ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ fún púrójẹ́ẹ̀tì mi?" Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Èmi ni mò ń gba ètò yìí sílẹ̀, èmi ni mò ń gé e, èmi náà ni mò ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ ń kà. Lọ́wọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu wákàtí kan máa ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó di ìwé. Bó bá jẹ́ Yorùbá tí a fẹ́ fi àmì sí bó ṣe yẹ, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ òun, n kò ní bá a jà.

Lẹ́tà kan tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n sọ pé ká jókòó sọ ọ́ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì kan ló kọ ọ́. Ó ń ṣèwádìí lórí bí àwọn obìnrin tó ń ta ata àti tòmátì nínú ọjà Mile 12 ṣe rí owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀, ó ti gba ohùn wọn sílẹ̀, áàpù kan sì ti sọ gbogbo rẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì fún un láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní: "Ṣé mo lè kó o fún súpáfáísọ̀ mi bẹ́ẹ̀?" Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kan nínú wọn, ó yọ orúkọ kúrò, ó wá fi ojú ìwé kan àti ohùn tó bá a mu ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ohùn náà, mo ka ìwé náà. Ìdáhùn mi ni pé kó má tíì kó o lọ. Kó má sì da iṣẹ́ náà nù, torí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ orúkọ kan

Nígbà tí a bá ní "áàpù tó ń kọ nóòtì", iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kó pọ̀. Àkọ́kọ́, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Ìkejì, ó ń ṣe àkópọ̀ ọ̀rọ̀ gígùn, ó ń gé e kúrú. Ìkẹta, ó ń dáhùn ìbéèrè nípa àwọn ìwé tí ẹ kó fún un.

Whisper, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló wà fún. Òun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ áàpù tí ẹ ń rí lórí fóònù, bí orúkọ tí wọ́n fi ń tà á bá tilẹ̀ yàtọ̀. NotebookLM ti Google, tó gba orúkọ yẹn ní oṣù Keje ọdún 2023, iṣẹ́ kejì àti ìkẹta ló mọ̀ jù. Ẹ lè kó ìwé tó tó 50 sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì dá yín lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tó ti rí ìdáhùn. Otter ń gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pín in báyìí ni pé àṣìṣe máa ń gun ara wọn. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ní ìpele àkọ́kọ́, àkópọ̀ ìpele kejì yóò gbé àṣìṣe náà, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì dídán wọ̀ ọ́ láṣọ. Nígbà tí ẹ bá wá béèrè ìbéèrè ní ìpele kẹta, ìdáhùn yóò jáde bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti wádìí délẹ̀délẹ̀. Nígbà tó bá fi dé ọwọ́ yín, kò ní jọ àṣìṣe mọ́.

Kí ló dé tí Yorùbá fi ń nira fún un?

Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè. Wákàtí 680,000 ni wọ́n fi kọ́ Whisper nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Nínú rẹ̀, nǹkan bí 438,000 jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn tí wọ́n kọ ní èdè tó sọ kò ju wákàtí 117,000 lọ, èdè 96 ló sì pín in, àwọn èdè ńláńlá bíi Chinese àti Spanish ló sì bu èyí tó pọ̀ jù. Nínú ìwé tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn kọ, Yorùbá wà lára àwọn èdè tí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan sí i o. Common Voice ti Mozilla ti gba Yorùbá wọlé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní fóònù lè ka gbólóhùn fún wọn. Iṣẹ́ NaijaVoices kó nǹkan bíi wákàtí 1,800 ohùn Yorùbá, Hausa àti Ìgbò jọ láti ẹnu ènìyàn tó lé ní 5,000. Ní ọdún 2023, àwọn kan gbé AfriSpeech-200 jáde, wákàtí 200 Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Áfíríkà sọ, pẹ̀lú ahọ́n 120 láti orílẹ̀-èdè 13, torí pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa gan-an ń dá àwọn ẹ̀rọ yìí láàmú. Iroro Orife sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2018 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí Yorùbá tí a kọ láìní àmì. Nǹkan ń yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kó iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yìí, ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni yóò lò.

Ọjà wa náà tún dá tirẹ̀ sí i. Ẹ wo gbólóhùn kan tí mo gbọ́ lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń bọ̀: "Mọ́tò ti lóòdù ní Kánò, wọ́n ní sai gobe ló máa wọlé." Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa wà nínú ẹ̀mí kan. Ará Mile 12 kankan ò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀la ni tòmátì ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ ti sọ fún pé kó gbọ́ Yorùbá nìkan kò mọ ohun tó fẹ́ fi "sai gobe" ṣe. Yóò wá ohun tó jọ ọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣẹ́jú.

Owó, òwò àti ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ojú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi ránṣẹ́. Ohun tí ìyá náà sọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ, nìyí: "Owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbà á." Ohun tí áàpù kọ nìyí: "Owo ti mo fi bere owo yii, owo egbon mi ni mo ti gba a." Owo mẹ́ta nínú gbólóhùn kan! Èyí tó jẹ́ náírà, èyí tó jẹ́ ọrọ̀ ajé, èyí tó wà ní ìparí apá wa, gbogbo wọn ti di ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá lè tún un ṣe lórí. Ẹ̀rọ tó fẹ́ ṣe àkópọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni igba, igbá àti ìgbà. Obìnrin kan lè sọ pé igba náírà ni òun fi bẹ̀rẹ̀, kó wá jẹ́ pé igbá ni wọ́n kọ, tàbí ìgbà.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà láti wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé gígùn máa ń bá pàdé. Lábẹ́ Unicode, ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì lórí àti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń to àwọn ẹ̀yà pọ̀ láti fi ṣe é, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn lójú yín délẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ní òun ò rí ìkejì. Bí ẹ bá wá "ọjà" nínú àkọsílẹ̀ yín tó ní ibi márùn-ún péré ló wà, ẹ tún wá "oja" àti "ọja" kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n ta ni?

Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú ojú ìwé náà. Nísàlẹ̀ Yorùbá yẹn, áàpù tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ "brother". Mo padà gbọ́ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá yẹn ti sọ ṣáájú pé ẹ̀gbọ́n òun, obìnrin, ló mú òun wọ ọjà, pé àwọn jọ ń pín ṣọ́ọ̀bù kan. Obìnrin ló yá obìnrin lówó.

Yorùbá kì í sọ takọ tabo sínú ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ, ọ̀gá tàbí "ó". Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ mọ̀ dandan. Ẹ̀rọ wá ń mú èyí tó bá ti rí jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, bí ọ̀rọ̀ bá sì kan owó àti ọ̀gá, ọkùnrin ló sábà máa ń mú. Ẹ rántí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń wádìí: ta ló ń fún obìnrin ọjà lówó ìbẹ̀rẹ̀? Bí "brother" bá wọ ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ pé ọkùnrin ló ń gbé obìnrin ró nínú ọjà. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣètò owó yíyá yóò kà á, yóò sì lọ bá àwọn ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi àjọ àti èsúsú gbé ara wọn ró láti ọjọ́ pípẹ́ yóò pòórá nínú ìtàn ara wọn.

"Wọ́n" náà ní wàhálà tirẹ̀. Nígbà tí ìyá kan bá ní "Ìyálọ́jà ní àwọn ń bọ̀, wọ́n sì dé," ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún ni. Gẹ̀ẹ́sì áàpù yóò sọ wọ́n di ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tó bá sì ní "wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi," ó lè má ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn, kó kàn fẹ́ sọ pé owó kúrò lọ́wọ́ òun. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ ẹni náà, tí kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá fi "ẹgbẹ́" tàbí "ìjọba" dípò "wọ́n" nínú àkópọ̀, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìṣọ́ra di ẹ̀sùn.

Kékeré tó burú jù lọ ni "mi ò". Ẹ sọ "mi ò gbà á" kíákíá bí a ṣe ń sọ ọ́ lójú ọjà, kí ẹ sì gbọ́ bó ṣe jọ "mo gbà á". Fáwẹ́lì kékeré kan ló wà láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí mọ́tò ti ń fun fèrè, fáwẹ́lì yẹn ló kọ́kọ́ ń sọnù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ

Àṣìṣe míì wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú Yorùbá rárá. Nígbà míì, ẹ̀rọ ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń fojú díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú. Bí ohùn bá dákẹ́, tàbí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sinmi díẹ̀ láti ronú, ẹ̀rọ lè máa bá díwọ̀n lọ.

Allison Koenecke àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2024 lórí Whisper. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn ló ní gbólóhùn tí ẹ̀rọ hùmọ̀ fúnra rẹ̀, àti pé nínú àwọn ìhùmọ̀ yẹn, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè ṣe ìpalára: ọ̀rọ̀ ìwà ipá, ọ̀rọ̀ èké nípa ènìyàn, ọ̀rọ̀ bí ẹni pé aláṣẹ kan ló ń sọ̀rọ̀. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ jù sí àwọn tí àìsàn ti mú kí ọ̀rọ̀ sísọ nira fún, torí pé ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ wá rò ó wò: àwọn àgbà wa máa ń dákẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń sọ nǹkan. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú ìyá náà rí i tó wo ẹ̀gbẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ̀rọ ò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àlàfo ló rí, ó sì fẹ́ dí i.

Ohùn ẹlòmíì ni

Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà bi mí ni pé, níbo ni ohùn náà ń lọ? Bí ẹ bá gbé e sórí áàpù tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti kúrò lórí fóònù yín. Ó ti dé kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, tó sábà máa ń wà ní òkè òkun. Àwọn áàpù kan tún máa ń fi ohun tí ẹ bá gbé wá kọ́ ẹ̀rọ wọn, àfi bí ẹ bá wọ ibi ìṣètò lọ pa á.

Nàìjíríà ní òfin lórí èyí. Òfin ààbò dátà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àjọ NDPC ló sì ń mójú tó o. Òfin náà fẹ́ kí ẹni tí ẹ ń gba nǹkan rẹ̀ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bó bá ti yọ̀ǹda, ó lè yí ọkàn padà. Ó tún ya àwọn dátà kan sọ́tọ̀ pé wọ́n gbẹgẹ́: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlera, èrò òṣèlú, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní Mile 12, ẹ kò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nípa òwò kí ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ má yọjú. Ọjà yìí sì ti rí ìjà ní oṣù Kẹta ọdún 2016, débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tì í pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó sọ fún yín bí ọjọ́ yẹn ṣe rí lójú rẹ̀, tó sì dárúkọ ènìyàn, ẹ̀yin ló fọkàn tán. Kò fọkàn tán ilé iṣẹ́ kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìwé ìyọ̀ǹda tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ AI nínú púpọ̀ nínú èyí tí mo ti rí. Ẹ lè fi ẹnu sọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì gba ohùn ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀:

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọ igbá. Mo ń ṣèwádìí fún ilé ẹ̀kọ́ mi, mo sì fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló máa bá mi kọ díẹ̀ nínú rẹ̀, èmi fúnra mi á sì tún un gbọ́. N kò ní fi orúkọ yín sí i. Bí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, ẹ pè mí, màá pa á rẹ́. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i, mà?"

Bí ìyá náà bá ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ fi bíírò àti ìwé kọ ọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ti wà kí fóònù tó dé.

Ẹ má pa ohùn rẹ́ torí pé àkópọ̀ ti dé

Mo mọ̀ pé àyè fóònù kì í tó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Àlùfáà Samuel Johnson ní Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, lẹ́yìn iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1899, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún gbogbo rẹ̀ kọ. Kí ló fi kọ ọ́? Àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Kódà nígbà tó tún fi èyí ránṣẹ́, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e ní ọdún 1916. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, èyí tí gbogbo ẹni tó ń wádìí ìtàn Yorùbá ṣì ń kà dòní.

Iṣẹ́ tó ti parí ló sọnù. Àwọn ìwé wúruwùru ló gbà á là. Ohùn tí ẹ gbà nínú ọjà ni ìwé wúruwùru tiyín. Ẹ jẹ́ kó wà níbi mẹ́ta: lórí fóònù, lórí kọ̀ǹpútà, lórí fláàṣì tàbí háàdì kan tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì.

Bí mo ṣe dábàá pé kí ẹ ṣe é

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn. Áàpù kankan ò lè tún ohùn burúkú ṣe. Ẹ lo ìyẹtí tó ní máìkì, kí ẹ fi í sí àyà ìró ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí títà rọlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; ẹni tó ń ka owó fún kọ́sítọ́mà ò lè fún yín ní ọkàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán ẹ̀rọ wò kí ẹ tó fún un ní gbogbo iṣẹ́. Ẹ mú ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ẹ wá jẹ́ kí áàpù náà kọ ìṣẹ́jú márùn-ún kan náà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ṣì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdajì bá ṣì, kò sí ohun tí ẹ ń jèrè, ẹ ó kàn lo àkókò láti máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ni. Bó bá jẹ́ mẹ́wàá tàbí méjìlá, ẹ wo irú èyí tó ń ṣì. Bó bá jẹ́ iye owó, orúkọ, "ò" àti "kò" ló ń ṣì, ẹ ṣọ́ra gidi.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀ lè gba Whisper sórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó máa lò ó láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ènìyàn yín kò ní kúrò nínú yàrá yín.

Ẹ jẹ́ kí Yorùbá kọ́kọ́ wà ní Yorùbá. Ẹ má fo láti ohùn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ Yorùbá rẹ̀, kí ẹ fi àmì sí i, kí ẹ wá tú u fúnra yín. Bí ẹ bá dé "ẹ̀gbọ́n" tí ẹ ò sì mọ̀ bóyá akọ tàbí abo ni, ẹ kọ "ẹ̀gbọ́n" sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ẹ pe ìyá náà béèrè.

Tó bá kan àkópọ̀, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Ẹ má bi ẹ̀rọ pé "kí ni àwọn obìnrin sọ nípa owó?" Yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní, ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ohun tó yàtọ̀ yóò sì rì sínú rẹ̀. Ẹ sọ pé: "Fi gbogbo ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba owó hàn mí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an." Kí ẹ wá tẹ̀ lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti wá. Iṣẹ́ kí a wá nǹkan rí ni ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Ní ìparí, ẹ sọ ọ́ nínú orí tí ẹ ti ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí yín: orúkọ áàpù, ohun tó ṣe, ohun tí ẹ fi ọwọ́ tún ṣe, èdè tí ẹ ti gbọ́ ọ. Committee on Publication Ethics, tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìmọ̀ ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn wọn, ti sọ ní oṣù Kejì ọdún 2023 pé AI kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé iṣẹ́ ìwádìí, torí pé kò lè dáhùn fún ohunkóhun. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe lò ó, òun ni yóò sì dáhùn.

Ìbéèrè méjì tó wọlé

Ẹnì kan béèrè pé: "Ṣé súpáfáísọ̀ lè mọ̀?" Ẹ má fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá yóò rí "brother" yẹn, yóò béèrè ohùn rẹ̀. Èyí tí kò gbọ́ Yorùbá lè fọwọ́ sí i, àṣìṣe náà yóò sì wà ní láíbìrì fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti gbé.

Ẹlòmíì ní: "Ẹ̀gbọ́n, a ò ní àkókò, ìparí oṣù ni wọ́n fẹ́ gbà á." Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín to àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, kó bá yín ya ẹni tó ń béèrè sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń dáhùn, kó bá yín wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn nìkan ń dín wákàtí kù. Kí ẹ wá fi àkókò tó ṣẹ́ kù gbọ́ àwọn ibi tí iṣẹ́ yín dúró lé. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ lẹ́tà sí mi, gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ ẹni tó fún un lówó ni. Ó ti ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti rí "brother" míì méjì tó jẹ́ obìnrin.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́, bí wọ́n bá ṣe rán an ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ni àwọn ìyá yẹn rán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè fi fóònù lásán gba ohùn tó mọ́ nínú ilé tó ń dún. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ránṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.